Ìkarahun Òfìfo Ni Ilé Ọmọ Ọ́ísítà

Akọ ọ́ísítà, ẹ̀dá omi oníkarahun méjì, kì í gun abo. Ẹ wo àwọn ọ́ísítà tí wọ́n ń pè ní Crassostrea tulipa, tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ní Gáḿbíà: inú omi ni wọ́n ń tú ẹyin àti àtọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni méjèèjì ti ń pàdé. Bí ọ̀kan bá tú tirẹ̀, àwọn tó wà nítòsí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, omi á ti gbé ẹyin lọ kí àtọ̀ tó bá a, bó tiẹ̀ jẹ́ pé abo kan lè yé ẹyin tó mílíọ̀nù mélòó kan.

Púpọ̀ nínú ìran wọn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ akọ, kí wọ́n tó di abo bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣa àwọn ńláńlá nìkan, ẹyin ọdún tó ń bọ̀ ló ń kó lọ.

Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ọmọ á ti ní ìkarahun tín-ín-rín méjì, tó rí bíi lẹ́tà D. Irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, òun náà ló fi ń kó oúnjẹ sẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló fi ń bá omi kiri báyìí, ẹja àti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó bá yè á yọ ojú dúdú kékeré, á yọ ẹsẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.3 lọ. Á máa fi ẹsẹ̀ yẹn tọ́ gbòǹgbò wò, á tọ́ òkúta wò, á tọ́ ìkarahun wò, títí tí yóò fi rí ibi tó le tó sì mọ́. Ìkarahun ọ́ísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó fẹ́ràn jù. Á wá tú ohun kan jáde bí àtè, á fi ìkarahun òsì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ojú á parẹ́, ẹsẹ̀ á parẹ́, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láyé. Tó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ ló bọ́ sí, ẹrẹ̀ á bò ó pa.

Ìdí nìyẹn tí fífi àdá gé gbòǹgbò láti kó ọ́ísítà fi burú tó bẹ́ẹ̀: ilé ọmọ ọ̀la ni ẹni tó ń gé e ń wó. TRY, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣa ọ́ísítà ní Gáḿbíà láti ọdún 2007, ń kọ́ ara wọn láti ré ọ́ísítà kúrò kí gbòǹgbò wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ìjọba fún wọn láṣẹ lórí ọ́ísítà àbàtà Tanbi. Oṣù kẹta sí oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣa á.

Ẹ má sun gbogbo ìkarahun fún ẹfun. Ẹ sá a sóòrùn títí ẹran ara rẹ̀ á fi gbẹ dànù, ẹ dá a lu, ẹ fi okùn sín in, kí àyè díẹ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ so ó mọ́ òpó lókè ẹrẹ̀, kí ọmọ ọ́ísítà lè rí ibi lẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá tètè so ó jù, èérí yíyọ̀ á bò ó, ọmọ kò sì ní lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tuntun wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò nítòsí, kẹ́ ẹ tó so ó sínú omi.