Bí A Ṣe Lè Dín Ìwé Ìpolówó Kù Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìpolówó písà àti ti àwọn tó fẹ́ bá ni ta ilé kì í já bọ́ láti ihò lẹ́tà. Oríṣi méjì ni wọ́n, ohun tó sì ń ká ọ̀kan lọ́wọ́ kò kò ran èkejì. Èyí tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára, tí àwọn òṣìṣẹ́ Royal Mail, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ń kó mọ́ lẹ́tà gidi, ni a lè dá dúró nípa kíkún fọ́ọ̀mù Door to Door opt-out; ọdún 2 péré ló ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ní orúkọ wa lára ló gba sùúrù. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ Mailing Preference Service, ìwé orúkọ àwọn tí kò fẹ́ gba lẹ́tà ìpolówó, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ẹ̀dà kan wà, open register, tí ẹnikẹ́ni lè fowó rà, a sì lè ní kí ìjọba ìbílẹ̀ yọ orúkọ wa níbẹ̀ láìpàdánù ẹ̀tọ́ ìdìbò. Lẹ́tà ayálégbé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má ṣí i. Ẹ kọ “return to sender” (ẹ dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́) sí i lára, kí ẹ sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà pupa.