Bọ́ọ̀lù kan kò tó ọgọ́ta ọmọ

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ẹgbẹ́ mi l'Ábẹ́òkúta, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìdúró ló ń jẹ àkókò àwọn ọmọ wa. Ẹ ju bọ́ọ̀lù kan sáàárín ọmọ 60: àwọn 22 á gbá a, 38 á máa wòran. Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara dáadáa tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ọmọ 10 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀wọ́ méjì gbá bọ́ọ̀lù, márùn-ún sí márùn-ún, ní pápá kékeré méjì tó gùn tó ìṣísẹ̀ 20. Kí méjì fo okùn: okùn méjì fún ọ̀wọ́ kan, ẹni méjì á máa jù ú, mẹ́ta á máa fò. Kí méjì tó kù máa fo táyà àlòkù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ fọn fèrè, kí wọ́n pààrọ̀ ibi.

Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú, àpáta pọ̀. Bọ́ọ̀lù gidi á yí lọ sínú gọ́tà, gbogbo wọn á sì dúró dè é. Àkísà tí ẹ kì sínú ìbọ̀sẹ̀, tí ẹ fi tíúbù táyà dì pinpin, kì í yí jìnnà. Àjákù àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn aránṣọ ní Ìtòkú tó láti so mọ́ apá, kí wọ́n lè mọ ẹgbẹ́ wọn. Ike omi ni òpó góòlù, àmọ́ ẹ bu yanrìn dé ìdajì rẹ̀, torí atẹ́gùn á gbé e ṣubú, ìjà ló sì máa dá sílẹ̀.

Eré tí ẹni tó bá kùnà ń jáde kò dáa rárá: ọmọ tó nílò eré jù ló ń kọ́kọ́ jókòó. Kí ó lọ fo táyà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó padà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi eré sísá jẹ ọmọ níyà. Ó máa kórìíra rẹ̀ ni.

Ẹ bi àwọn òbí léèrè ṣáájú nípa ìlera ọmọ wọn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde) gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, kó sì sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Kí oògùn tí ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma) ń fà sẹ́nu wà nítòsí. Bí oòrùn bá mú, ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó fi eré sí àárọ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ mú ọmọ kan tí kì í pariwo, ẹ ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìdúró rẹ̀ bá ju ìdajì lọ, ẹ tún ọ̀wọ́ náà pín sí méjì.