Bí ẹ bá fẹ́ kí odò mọ́, onílẹ̀ etí odò ni kí ẹ lọ bá

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa níbí l'Óṣogbo, odò kékeré kan sì gba ẹ̀yìn wa kọjá lọ sínú Ọ̀ṣun. A ti ń tún odò náà ṣe láìgba owó ìjọba, láìfi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò mìíràn ti ń bi mí bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ awakùsà kúrò lọ́nà, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ níbi tí ẹ bá ti pèpàdé. "Ṣebí àwọn tó ń wa wúrà l'Íjẹ̀ṣà ló sọ Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, kí ló kàn wá?" Òótọ́ ni o. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹrẹ̀ ibi ìwakùsà ń dé inú omi tó gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba ló lè dá ìyẹn dúró, ìpàdé onílé kò lè lé awakùsà. Ṣùgbọ́n ta ló da ìgbẹ́ adìẹ sínú odò ẹ̀yìn ilé wa? Bí mo bá ti bi wọ́n báyẹn, ẹ̀rín ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀.

Ohun kejì ni pé kíkó ìdọ̀tí lọ́jọ́ ìmọ́tótó dára, àmọ́ kò tó. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà la máa ń rí kó. Ohun tó ń ba omi jẹ́ gan-an kò ṣe é fi ṣọ́bìrì kó: iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ń wọ́ láti etí odò tí wọ́n ti ro kanlẹ̀, ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ, ọ́ọ̀lì dúdú àwọn mẹkáníìkì. Orí ilẹ̀ ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń wá, ẹni yẹn sì ní orúkọ, ó ní aládùúgbò.

Bí ẹ bá ń lọ bá a, ẹ má kó èrò lẹ́yìn, ẹ má mú ìwé tó máa fọwọ́ sí dání. Jọ̀ọ́, ẹ má mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ lọ rárá. Ẹni tó nílé tàbí oko létí odò, tó bá ti rí téèpù, X pupa tí ìjọba ń kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ ti bá ara yín jà tán nìyẹn kí ẹ tó kí i. Ẹ bi í ní ohun tí odò ń ṣe sí i.

Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ wa, ó máa ń kọ ebè títí dé ẹnu omi. Nígbà tí mo béèrè, ó mú mi lọ síbi tí etí odò ti ya lulẹ̀, tí ebè odindi ti bá a lọ. "Ọmọ mi, ọdọọdún ló ń jẹ mí nílẹ̀." Mo ní, "Ìyá, ẹ bá wa dá koríko sí létí ibẹ̀, kí gbòǹgbò ẹ̀ di ilẹ̀ mú." Wọ́n kọ̀: ibẹ̀ lọ̀rinrin wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A dúnàá-dúrà. Eèsún ni wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn, nítorí àwọn tó ń sin àgbò máa ń rà á. Kò fẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń wọ́ bọ̀, ẹsẹ̀ eèsún yẹn ni iyẹ̀pẹ̀ ń jókòó sí báyìí. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí onílẹ̀ ń ṣọ́ fúnra rẹ̀, mo fara mọ́ ọn ju èyí tó fẹ̀ tí wọ́n máa hú tí mo bá kẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbà adìẹ kò le rárá. Òórùn ló ń lé e dé odò. Kò mọ̀ pé ìgbẹ́ yẹn ló ń mú kí omi hu nǹkan aláwọ̀ ewé, tí yóò jẹrà, tí atẹ́gùn inú omi yóò tán mọ́ ẹja lára. Ó ń sá ìgbẹ́ náà gbẹ báyìí, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń kó o. Àwọn mẹkáníìkì ń gbe ọ́ọ̀lì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń fi kun pákó nítorí ikán ń rà á.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n má jáwọ́, ẹ bu omi sínú ìgò funfun lọ́jọ́ kejì òjò, láti ojú ibì kan náà nígbà gbogbo. Ẹ gbé e kalẹ̀ títí ẹrẹ̀ yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀, ẹ tò wọ́n, ẹ pe àwọn onílẹ̀ wá wò ó. Kò sọ fún yín bóyá omi ṣe é mu o. Ẹrẹ̀ nìkan ló ń fi hàn. Àmọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti gbé ìgò tiẹ̀ lọ han àwọn ará ọjà.

Ó ku onílé kan tó fi páìpù ilé ìgbẹ́ rẹ̀ sí odò. Ìlú mìíràn ló ń gbé, àwọn ayálégbé ló wà níbẹ̀, kì í sì í gbé fóònù wa mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí la ń rán sí i báyìí.