Ibi tí màá gbé ẹ̀gùn sí lẹ́yìn ìkórè àgbàdo

Sátidé, oṣù kọkànlá

Ẹ̀rọ ìkórè ti kúrò lóko àgbàdo, ayé àgbọ̀nrín sì ti yí padà. Nígbà tí àgbàdo ṣì dúró, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn sí. Ẹran lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ojú ẹnikẹ́ni má kàn án. Ní báyìí, oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀, ibi ìsápamọ́ ló ti lọ. Inú igbó ni wọ́n ń sùn, oko ni wọ́n ń wá jẹun sí, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì ni mo sì fi gbogbo ọjọ́ òní wá, kí n lè mọ igi tí màá gbé ẹ̀gùn sí, ìyẹn ìjókòó tí ọdẹ ń so mọ́ ara igi láti dúró de ẹran.

Ọ̀sán gangan ni mo wọ inú oko, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ibùsùn wọn. Mo lóṣòó sáàárín poro méjì. Àgékù pòròpórò tó ṣẹ́kù ò ga tó orúnkún. Nídìí wọn ni mo ti rí ṣùkù tí hóró ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀, pẹ̀lú hóró wẹ́wẹ́ tí táyà ti tẹ̀ rì. Ilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ipasẹ̀ wọn sì hàn ketekete: ńlá kan, kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abo àti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Imí tí mo rí ṣì ń dán.

Mo pe bàbá olóko. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ fẹ́ túlẹ̀?” Wọ́n ní ó di ìgbà ìrúwé. Inú mi dùn gan-an, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti tú ti bo hóró mọ́lẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹran á fi wá ibòmíràn lọ. Oko sóyà tó wà ní òdìkejì ò já mọ́ nǹkan fún mi mọ́. Ewé sóyà tútù ni àgbọ̀nrín fẹ́ràn nígbà ooru. Bí ewé yẹn bá ti pọ́n, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ohun kan tún wà tí mi ò fi ṣeré: hóró tí ẹ̀rọ ìkórè gbọ̀n sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọdẹ bá fọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àkọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ oko, ìkejì sì jẹ́ ìdẹ tí òfin lè kà léèwọ̀.

Igi óákù ńlá kan wà létí oko gan-an. Ẹni tó bá gun un á rí gbogbo pápá, ojú ẹni ò sì ní ṣaláì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rí ẹran, ọ̀tọ̀ ni kí ẹran súnmọ́ ọfà. Láti ojú títì ni mo ti ń fi bínókúlà wò wọ́n nírọ̀lẹ́. Àwọn abo àti ọmọ máa ń jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Akọ àgbà kì í bá wọn jáde. Á dúró sínú igbó, á máa gbóòórùn ohun tó wà lóko, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni àkókò ọdẹ parí. Ẹni tó bá wà lórí óákù yẹn á kàn máa gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ inú igbó lọ, bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sí etí oko. Ibẹ̀ ni ohun tí mò ń wá wà. Ọ̀nà ẹran méjì pàdé níbi tí wáyà ọgbà ti já, èèpo igi kéékèèké mẹ́ta sì ti bó níbi tí akọ àgbà kan ti ń fi ìwo ha wọ́n. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, oje rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ibi tí akọ náà ti ń dúró de òkùnkùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló gba àkókò mi jù. Oko wà ní ìwọ̀-oòrùn, ibùsùn wọn wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn, odò kékeré sì wà ní gúúsù nísàlẹ̀. Bí mo bá jókòó sí gúúsù ọ̀nà wọn, tí afẹ́fẹ́ sì ń bọ̀ láti àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, òórùn mi á kọjá sórí odò, níbi tí ẹran kankan kì í gbà wá. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń gbé òórùn oko wá bá akọ náà. Mo ka èyí sí pàtàkì, torí akọ àgbà kì í rìn lọ́nà tí imú rẹ̀ ò bá ti ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá dára fún èmi nìkan ò wúlò. Mo já òwú wẹ́wẹ́ sáfẹ́fẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Afẹ́fẹ́ tútù ń rọra ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ bí omi, òwú náà sì gba ọ̀dọ̀ odò lọ.

Odò yẹn náà ni màá gbà wọlé, òun ni màá gbà jáde. Bèbè rẹ̀ ga, kò ní jẹ́ kí àwọn tó ń jẹ lóko rí mi bí mo bá ń lọ lálẹ́. Mi ò lè gbà láti la oko kọjá lójú wọn. Alẹ́ kan péré tó láti lé wọn kúrò.

Igi tí mo yàn nà tàrà, ó sì lẹ́ka lẹ́yìn tó máa bo ara mi, torí àgbọ̀nrín lè má mọ pupa dáadáa, ó máa ń tètè rí ohun tó bá mira. Ẹsẹ̀ bàtà 18 ni màá gbé ẹ̀gùn náà dé. Okùn ààbò á ti wà lára mi kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílẹ̀, okùn ni màá sì fi fa ọrun gòkè. Jíjábọ́ látorí igi ń ṣe ọdẹ léṣe gan-an.

Ọ̀la, láti gúúsù ni afẹ́fẹ́ máa ti wá, mi ò ní dé tòsí ibẹ̀. Wọ́n ní á yí padà lọ́jọ́ Ajé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni màá gbé ẹ̀gùn náà wọlé, màá sì jókòó sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.