Kí ẹ tó gbéra ní Àjàṣẹ́, ẹ mọ ibùdókọ̀ tí ẹ ń lọ ní Párísì

Bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ sí Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́ ládùúgbò wa níbí, físà ni gbogbo ilé máa ń lé kiri. Wọ́n á sáré ìwé, wọ́n á sáré owó, wọ́n á gbààwẹ̀ sí i. Físà bá dé, a ó dúpẹ́, a ó di ẹrù, ó di Kútọnu. Ìbéèrè tí mi ò gbọ́ kí wọ́n bi arìnrìn-àjò ni pé, bí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ tán, báwo ni yóò ṣe dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú tó ń lọ gan-an? Wọ́n á ní, "Ẹnìkan á wá pàdé rẹ." Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gbéra ní Kútọnu lálẹ́, àárọ̀ ni í balẹ̀ lọ́hùn-ún, àárọ̀ sì ni ẹni tó yẹ kó wá pàdé yín ń lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn ọmọ mi ń gbé ní Lyon, nítorí náà mo ti mọ ọ̀nà yìí. Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé inú ilé wa níbí ni ìrìn náà ti ń rọrùn tàbí tí ó ti ń le. Ẹni tó ti mọ orúkọ ibùdókọ̀ tó ń lọ kó tó jáde ní Ouando, l'Àjàṣẹ́ wa níbí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é lẹ́nu ọ̀nà ni yóò máa darí rẹ̀.

Kò sí ibùdókọ̀ ojú irin kankan tí wọ́n ń pè ní "ibùdókọ̀ Párísì". Àwọn ńlá inú ìlú náà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní apá tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjú sí. Ẹni tó ń lọ sí Lille, Gare du Nord ni tirẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Strasbourg, Gare de l'Est. Bordeaux, Nantes àti Rennes, Montparnasse. Rouen, Saint-Lazare. Lyon àti Marseille, Gare de Lyon. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń da èèyàn láàmú púpọ̀. Àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà Ouando rí "Gare de Lyon" lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ rà ránṣẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé mo ti dé Lyon nìyẹn?" Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Inú Párísì ni Gare de Lyon wà, ibẹ̀ lẹ ó ti wọkọ̀. Tí ẹ bá dé Lyon, Part-Dieu lorúkọ ibi tí ẹ ó sọ̀." Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ méjèèjì sórí páálí, ó sì fi í sínú páásípọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń rán ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nírìn-àjò pé kó ṣe páálí yẹn fún wọn, pàápàá bó bá jẹ́ Yorùbá àti Gun ni wọ́n ń sọ jù, tí Faransé kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kò sí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ tí kò ní lè fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀nà fún ẹni tó bá na orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ sí i.

Ó tún ṣeé ṣe kí ẹ má nílò àtiwọ inú Párísì rárá, ọ̀pọ̀ ará wa ni kò sì mọ èyí. Pápákọ̀ Charles de Gaulle, níbi tí ọkọ̀ Air France ti ń balẹ̀, ní ibùdókọ̀ TGV (ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an) tirẹ̀ láàárín àwọn gbọ̀ngàn èrò tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 2 (Terminal 2). Láti ibẹ̀, TGV ń lọ sí Lyon Part-Dieu ní bíi wákàtí méjì, ó ń lọ sí Lille láàárín wákàtí kan, ó ń lọ sí Marseille, Nantes, Strasbourg. Nítorí náà kí àwọn ọmọ tó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ wo èyí tó ń gbéra ní "Aéroport Charles de Gaulle 2 TGV". Ọkọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti inú ìlú, nígbà mìíràn sì rèé ó lè wọ́n jù. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó gbé ẹrù lọ́wọ́, mo rò pé owó tó fi lé náà tọ́ sí i. Kí wọ́n má kàn ra èyí tó súnmọ́ àkókò tí ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ jù. Ìlà àwọn ọlọ́pàá tó ń wo ìwé máa ń gùn, ẹrù sì máa ń pẹ́ kó tó yọ. Èmi kì í gba èyí tí kò bá fún mi ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbalẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ má gbé sẹ́fà lọ kí ẹ ní ẹ ó ṣẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Láti ọdún 1993 ni wọn kì í ti í gba owó bébà wa padà lẹ́yìn àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná an. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tì àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú yín lọ sí báǹkì kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ gba yúrò, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n fún owó kéékèèké. Iye rẹ̀ kì í yí: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 656 ó dín díẹ̀. Ìṣirò yìí dára kó wà lórí, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ti gba ẹrù, tí ẹ jáde síta gbọ̀ngàn, àwọn ọkùnrin kan á máa wí jẹ́jẹ́ pé, "Takisí, takisí." Àwọn míì á tilẹ̀ na ọwọ́ sí ẹrù yín. Wọ́n á rán yín létí àwọn tó ń pe èrò lọ́jà Dantokpa ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ní Dantokpa ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà dé Àjàṣẹ́, ẹ sì mọ ojú ọ̀nà. Lọ́hùn-ún ẹ kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ má dúró, ẹ di ẹrù yín mú. Takisí tó níwèé kì í wá èrò wọ inú gbọ̀ngàn. Ìlà ni ó ń tò síta, iye tó ń gbà sì jẹ́ èyí tí ìjọba ti là kalẹ̀: ní ọdún 2025, yúrò 56 ni sí apá Párísì tó wà lápá ọ̀tún odò Seine, yúrò 65 sí apá òsì. Ìyẹn lé ní sẹ́fà 36,000 fún èyí tó kéré jù. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ lè pín in, kò burú. Bí ẹ bá dá wà, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wá.

RER B lorúkọ rẹ̀, abẹ́ ilé TGV kan náà yẹn ló wà. Ẹ máa tẹ̀lé àmì tí wọ́n kọ RER tàbí àwòrán ọkọ̀ ojú irin sí. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn 1 tàbí 3 ni wọ́n já yín sí, CDGVAL wà, ọkọ̀ kékeré tí kò ní awakọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó so gbọ̀ngàn 1, 2 àti 3 pọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì pápákọ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di yúrò 13, bíi sẹ́fà 8,500. Ọdún tuntun máa ń gbé e sókè díẹ̀, torí náà ẹ wo iye tó bá wà lójú ẹ̀rọ. Inú káàdì kékeré kan tó ń jẹ́ Navigo Easy ni wọ́n ń fi sí, yúrò 2 ni káàdì fúnra rẹ̀, kálukú sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni méjì kò lè fi ẹyọ kan kọjá. Ẹni tó bá sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré ti métró, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ inú ìlú, náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò máa ń dúró ní Gare du Nord, wọn kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀ àlejò.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ bá yín tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gba owó odidi lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé tàbí èyí tí ẹlòmíì ti lò. Ẹ tò síwájú òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Ìlà á gùn, ẹ ní sùúrù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá, ẹ fi káàdì yẹn sí ibi tí ọwọ́ á ti tètè tó o, torí ẹ ó tún fi jáde.

Àwọn orúkọ tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ létí ọ̀nà irin lè já yín láyà: Robinson, Saint-Rémy-lès-Chevreuse. Ibi tí ọkọ̀ ń parí sí ni wọ́n. Ẹ kò ní rí Gare du Nord tí wọ́n kọ gàdàgbà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Pápákọ̀ ni òpin ojú irin yẹn, gbogbo ọkọ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ ń wọ Párísì ni. Àwọn kan kì í dúró títí dé Gare du Nord, àwọn míì ń dúró káàkiri ní Villepinte, Sevran, Aulnay. Ó tó bí ìdajì wákàtí, ó lè lé díẹ̀. Èmi a máa jókòó síbi tí mo ti ń rí ẹrù mi, n kì í sì í gbé fóònù dání nítòsí ilẹ̀kùn, torí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé ni olè ń já a gbà.

Láti Gare du Nord, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló máa gbé yín dé ibùdókọ̀ kejì, ẹ má rà òmíràn. Gare de Lyon: ẹ wọ RER D láì jáde sójú títì, ibi kejì tó bá dúró ni. Montparnasse: métró 4. Austerlitz: métró 5. Saint-Lazare: ẹ tẹ̀lé àmì RER E ní Magenta, ibẹ̀ so mọ́ Gare du Nord. Gare de l'Est súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ líle á fi rìn ín.

Ẹrù ló kù. A fẹ́ràn láti gbé gààrí, ẹja gbígbẹ, ata lílọ̀ fún àwọn ọmọ, inú mi sì máa ń dùn sí i bí mo bá rí i tí wọ́n ń tú u. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú tó gba àpótí méjì lọ́wọ́ yín kò ní bá yín gbé e gun àtẹ̀gùn métró. Ẹ dán an wò nílé: bí ẹ kò bá lè dá gbé àpótí náà gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan, ẹ dín in kù. Níbi ẹnubodè tí a ti ń fi káàdì kọjá, èyí tó fẹ̀ wà fún ẹlẹ́rù, ẹ wá a. Ẹ kọ orúkọ yín mọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, TGV ń béèrè rẹ̀.

Bó bá jẹ́ òru ni ọkọ̀ òfurufú balẹ̀, RER B ti máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ padà títí di bí aago márùn-ún ìdájí. Bọ́ọ̀sì òru N140 àti N143 ń lọ sí Gare de l'Est. Wọ́n tún máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì máa ń tún ojú irin ṣe, nítorí náà kí ọmọ yín tó wà níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ tí ẹ ń gbéra, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó pa fóònù. Wi-Fi pápákọ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ti balẹ̀, ẹ tàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti ń bọ̀.