Gírámà kọ́ ló ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́

Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Mo ń kọjá lọ ni mo gbọ́ ọ: "Gírámà kọ́ ló ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́." Àtàárọ̀ ni kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Orí kẹta ìwé ìlò ẹ̀rọ tí mò ń ṣàtúnṣe rẹ̀ láti ọjọ́sí ti parí. Òjò rọ̀. Kò tún sí ohun gidi mìíràn.

Òótọ́ ni, gírámà kọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń lo ẹ̀rọ, ìwé sì ni ènìyàn náà ń kà. "A ti pa iná ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀." Ta ni "a" yìí? Ṣé ẹlòmíràn ti pa á ni, àbí èmi ni kí n lọ pa á? Kò sí àṣìṣe nínú gbólóhùn yẹn, tíṣà á fún un ní máàkì. Ẹni tó bá wá gbà pé wọ́n ti pa á, tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ... Kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé: "Pa iná ẹ̀rọ." Ó tán.

Tàbí èyí: "Ṣí ìdérí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tutù." Ọwọ́ òǹkàwé á ti dé ìdérí kí ojú rẹ̀ tó dé "tutù". Títutù yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Àwọn tó ń kọ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú kò fi í ṣeré. Láti 1986 ni wọ́n ti ní ìwé ìlànà fún kíkọ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, èyí tó ń jẹ́ ASD-STE100 báyìí: gbólóhùn ìtọ́ni kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 20 lọ, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. Bí o bá ti pè é ní "ìdérí" lókè, má pè é ní "ọmọrí" nísàlẹ̀, kí òǹkàwé má baà máa wá nǹkan kejì kiri. Nílé ìwé, wọ́n ní kí a má tún ọ̀rọ̀ kan náà lò. Níbí, ẹ tún un lò, ẹ jọ̀ọ́.

Bóyá àwọn tó ń fa gègé pupa sí kọ́mà ni wọ́n ń bá wí, àwọn tí odidi ìgbésẹ̀ kan á sọnù nínú ìwé tí wọn ò ní rí i. Bó bá jẹ́ ìyẹn, mo gbà. Rárá, mi ò gbà tán. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ ló ń dùn mí, bí ẹni pé a kàn wá ṣe iṣẹ́ wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Lọ́la, orí kẹrin, ibi tí ìkìlọ̀ pọ̀ sí. Gbogbo "a" inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wá jáde.