Ọdún tí mo fi ń bu ọ̀rá kúrò lójú omi ẹran

Ní Jánúárì tọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí mo sè lálẹ́ àná, mo rí i pé ojú ẹ̀ ti dì gbagidi. Láti kékeré ni mo ti ń rí irú ẹ̀, àá kàn gbé e kaná ni. Àmọ́ èsì láàbù mi wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, mo wá dúró, mò ń wo ọ̀rá yẹn.

Èsì ọ̀hún rèé: kọlẹ́sítẹrọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, lápapọ̀ 262 mg/dL, LDL 178, HDL 41, triglyceride, ìyẹn irú ọ̀rá míì nínú ẹ̀jẹ̀, 215. Dókítà ní àpapọ̀ ẹ̀ ò yẹ kó tó 200, LDL tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ká gbìyànjú kó sún mọ́ 100, HDL tó ń kó kọlẹ́sítẹrọ́ọ̀lù padà sẹ́dọ̀ kó ju 50 lọ fún obìnrin. Bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe mí o, orí ò fọ́ mi, àyà ò dùn mí. Ọmọ ọdún 46 ni mí. Bàbá mi ò ju 58 lọ tí rọpárọsẹ̀ fi dá wọn dùbúlẹ̀, ọdún mẹ́ta la fi ń gbé wọn wọlé gbé wọn jáde kí wọ́n tó lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé yẹn.

Télọ̀ ni mí, nítòsí Tákíé. Àárọ̀ dalẹ́, ìdí máṣíìnì ni, tó bá di Sátidé oníbàárà tí mo rán aṣọ ẹbí fún á ní dandan kí n wá jẹun.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò dáa. Mo fi gbégìrì sílẹ̀, mo tún ra àgbo inú ike kan ní gáréèjì tí ẹni tó ń tà á búra pé ọjọ́ méje ló máa fi fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Owó ṣòfò. Ìgbà tí mo padà sọ́sibítù, obìnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà lórí oúnjẹ ní, "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi gbégìrì sílẹ̀?" Ó ní fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú wa kì í lè dà, tó wà nínú ẹ̀wà àti ilá máa ń di òróòro mú nínú ìfun, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹrọ́ọ̀lù nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òróòro míì. Ó ní epo pupa fúnra ẹ̀ ò ní kọlẹ́sítẹrọ́ọ̀lù, àmọ́ bí ìdajì ẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tó máa ń dì, bíi tara màlúù, irú ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ráyè kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn, torí láfún àti gbégìrì ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Láti ìgbà náà, alẹ́ ni mo ń se ẹran, màá jẹ́ kó tutù mọ́jú, màá fi ṣíbí bu ọ̀rá ojú ẹ̀ dànù kí n tó da ata sí i. Àkàrà di ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹja pọ̀ ju ẹran lọ. Mo ń sọ̀ lórí ọ̀kadà kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, màá fẹsẹ̀ rìn ogún ìṣẹ́jú, tálẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Nígbà Iléyá ni màmá ọkọ mi wá, wọ́n wo ọbẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé epo ti wọ́n tó báyìí ni?" Ó dùn mí, torí ọbẹ̀ tí epo ò hàn lójú ẹ̀, bíi kéèyàn ń ṣahun sí àlejò ni. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sọ ti bàbá mi. Wọn ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì mo jí, mo bá wọn ní kíṣìnì, wọ́n mú ṣíbí dání, wọ́n ń bu ọ̀rá kúrò lójú omi ẹran.

Ní Nófẹ́ńbà mo tún àyẹ̀wò ṣe: àpapọ̀ 223, LDL 146, HDL 46, triglyceride 155. Mo ti fi kílò mẹ́fà fúyẹ́. Kò tíì débi tí dókítà fẹ́, wọ́n ní tó bá fi máa di Máàṣì tí ò tún wálẹ̀ sí i, a jọ máa sọ̀rọ̀ oògùn, mo sì ní tó bá gba oògùn màá lò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo mú lọ sí láàbù lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan náà ló bí wa, wọn ò sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ rí. Wọn ò fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ àfomi, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni a máa lọ gba èsì tiwọn.